Ogun Tí Gbogbo Wọn Ṣẹ́gun

Ogun Àgbáyé ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Bí mo bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ẹnì kan á sọ fún èkejì pé, "Ogun Àgbáyé ti dé o," gbogbo wọn á sáré wọlé, wọn á jókòó, wọn á gbé orí lé tábìlì, torí wọ́n mọ̀ pé kí n tó parí ohun tó fa ogun náà, oorun á ti gbé wọn lọ. Orúkọ náà ò dùn mí. Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn sí i. Tíṣà ìṣirò wa, Orí Igbá ni wọ́n ń pè é. Tíṣà orin, Ẹkún Ológbò. Èmi ni wọ́n wá fi wé odindi ogun tó kárí ayé, kí n wá máa bínú kẹ̀?

Ẹni tó bá rí mi kò ní gbà pé mo lè bá adìyẹ jà. Afẹ́fẹ́ tó bá le díẹ̀ máa ń tì mí síwájú, okùn ni mo sì fi so apá kan awò ojú mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Mo máa ń kó àwọn ọmọ ogun gba inú yìnyín Rọ́ṣíà kọjá, mo máa ń ri ọkọ̀ ojú omi, mo sì máa ń pín Jámánì sí méjì kí aago oúnjẹ tó lù. Ní báńkì, bí èrò bá pọ̀ lórí ìlà, mo máa ń ṣàlàyé fún ẹni tó wà níwájú mi bí wọ́n ṣe wọ ilẹ̀ Pólàǹdì tí ìjà fi bẹ́. Ìlà náà máa ń kúrú.

Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní wọ́n fi ja ogun yẹn. Ẹ̀yin ti ń jà á látìgbà tí mo ti mọ̀ yín, kò sì sẹ́ni tó ń bá yín jà."

Ilé ìyá mi la ń gbé. Ìyá tirẹ̀ ló fi ilé náà sílẹ̀ fún un, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, a kó tọ̀ ọ́ wá. Ilé tó dára ni, àfi ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí èmi àti ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Pákó gidi ni òkè rẹ̀, wọ́n gbẹ́ etí rẹ̀ dáadáa, ó ń dán. Ṣùgbọ́n láti ìdajì sí ìsàlẹ̀, kò sí pákó níbẹ̀ rárá, páànù ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Etí páànù yẹn ti gé mi lójúgun tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń rò pé ó mọ̀ mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n pe kàfíńtà wá yọ ọ́, ìyá mi á ní, "Fi í sílẹ̀." Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé báyìí làwọn àgbàlagbà ṣe máa ń rí, wọn kì í fẹ́ kí nǹkan yí padà. Ohùn ẹni tó mọ ìtàn ni mo fi sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Obìnrin tí kì í gbóhùn sókè ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìwé kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí àwòrán kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jókòó. Wọ́n fẹ́ ta wá lọ́rẹ kọ̀ǹpútà. Mi ò ní yàrá tí n máa kó wọn sí, mi ò sì ní àkókò tí n máa fi sí i nínú ètò ọ̀sẹ̀. Kíláàsì yín ló fẹ̀ jù. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń gba àkókò tó pọ̀ láti máa pa àwọn èèyàn tó ti kú."

"Ọ̀gá, ẹni tí ò bá mọ ibi tó ti ń bọ̀—"

"Kò lè mọ ibi tó ń lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri." Ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ṣègbè. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá ní ìparí táàmù, ẹ fi iṣẹ́ yín hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ní àwọn ṣì fẹ́ ẹ̀kọ́ ìtàn, kó dúró. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ mọ́, ẹ óò lọ máa bá wa bójú tó ilé ìkàwé."

Kọ́bọ́ọ̀dù kan ni ilé ìkàwé wa. Ó ti wà ní títì kí n tó dé ilé ìwé yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Mo rí ara mi lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mò ń ṣọ́ ọ títí n óò fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe. Bí wọ́n bá gba ogun yẹn lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tí n óò máa bá èèyàn sọ ní báńkì.

Bí mo ṣe ronú kan eré nìyẹn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, a óò ja ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níwájú àwọn òbí wọn. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó sùn. Ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì, tí ohùn rẹ̀ tó í pe ẹni tó wà lódìkejì odò, ló gba Jámánì, torí mo ní Jámánì ló ní ọ̀rọ̀ jù. Ọmọ mẹkáníìkì gba Japan. Gbogbo wọn ló gba ilẹ̀ tiwọn pẹ̀lú ayọ̀, wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn lọ sílé láti kọ́ ọ sórí. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀, ìyá Jámánì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Òun ni alága àwọn òbí. Ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kò sí?"

"Ó wà díẹ̀. Ọmọ mi dúró sáàárín pálọ̀ lánàá, ó ní òun ti ṣubú. Ó ní wọ́n ti gé òun sí méjì, pé ìlú òun ti di eérú. Mo ní kí ló dé, ó ní Tíṣà ló ní kí òun máa sọ ọ́."

"Jámánì ló ń sọ ọ́, mà. Kì í ṣe òun."

"Ẹnu ta ló fi ń sọ ọ́?"

Mo wá gbé báàgì mi sílẹ̀.

"Ẹnu ọmọ mi ni. Àbí Jámánì wá yá a lẹ́nu ni? Tíṣà, ẹ̀yin náà bímọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ mi fi tirẹ̀ pe ìṣubú lé ara rẹ̀ lórí níwájú gbogbo èèyàn. Kò ní ṣeé ṣe."

Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí mẹkáníìkì fi gun àtẹ̀gùn dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ kó tó bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ju bọ́ǹbù méjì lé ọmọ mi lórí."

"Bébà ni, sà. Bébà la fi ṣe é, a wá kùn ún."

"Bó jẹ́ òwú ni. Ẹ bá mi wá ọmọ ẹlòmíràn jù ú lé."

Bàbá Ítálì, tó ń gẹrun níwájú ilé ìwé, ti lọ ṣe ìwádìí. "Ṣé òótọ́ ni pé Ítálì yí padà láàárín ogun, tó lọ bá àwọn tó ń borí?" Mo ní òótọ́ ni. "Kó yí padà látìbẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Kí ló ń dúró dè?" Ìyá Faransé gbà pé Faransé juwọ́ sílẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ pé ó tún dìde lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní kí n jẹ́ kó máa dìde lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ń juwọ́ sílẹ̀, kí ọmọ òun ṣì wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá Rọ́ṣíà gan-an, tí ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn tó ṣẹ́gun, tún wá. Wọ́n ti sọ fún un pé kò síbi tí èèyàn ti kú tó ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó rọra bá mi sọ ọ́ létí, pé kí ọmọ òun ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kó ṣẹ́gun láìkú.

Ká ní orúkọ mi ro mí ni, ǹ bá dúró ṣinṣin. Ǹ bá sọ fún wọn pé kò sí ogun tí gbogbo èèyàn ti ń borí, pé ẹni tí ò bá fẹ́ gbọ́ ẹnu tó ń sọ pé òun ṣubú, kí onítọ̀hún má bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n máa nawọ́ sókè lọ́jọ́ ìpàdé, kọ́bọ́ọ̀dù yẹn sì ń wò mí láti òpin kọ́rídọ̀. Faransé jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó juwọ́ sílẹ̀. Èmi ò dé àkókò ìsinmi.

Mo jókòó, mo tún ogun náà kọ. Jámánì ṣẹ́gun. Japan náà ṣẹ́gun. Àwọn tó ti ṣẹ́gun tẹ́lẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n tún ṣẹ́gun sí i. Ìlú kankan ò jó, wọn ò pín ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tí imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ kan tó dùn parí rẹ̀: "Àlàáfíà ti borí, gbogbo wa la ṣẹ́gun." Mo ka ibẹ̀ yẹn lákàtúnkà, omi sì fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Mo tiẹ̀ ń ṣàánú àwọn olórí ayé ìgbà náà, pé kò sí irú mi láàárín wọn tó máa gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Nígbà tí mò ń kà á fún ìyàwó mi ní ilé ìdáná, ìyá mi jókòó sí ìdí tábìlì, ó ń gbọ́.

"Ta ló wá borí?" ó bi mí.

"Gbogbo wọn ni, Màámi."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un fi sójú. "Mà á bá yín lọ síbẹ̀."

Ìyá mi kì í lọ síbì kankan tó bá ní àtẹ̀gùn. Mo wo ìyàwó mi pẹ̀lú ìgbéraga. Mo rò pé iṣẹ́ ọpọlọ mi ló wú u lórí.

Lọ́jọ́ eré náà, a yọ ìgànná pákó tó wà láàárín kíláàsì méjì kúrò, a to àga síbẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì èmi àti ìyàwó mi la so mọ́ okùn láti fi ṣe aṣọ ìkélé. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ irin lórí, wọ́n ń ti ara wọn. Ọ̀gá àgbà jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan. Iwájú náà la fi ìyá mi sí torí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú, ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sáàárín orúnkún méjèèjì.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Jámánì wọ Pólàǹdì pẹ̀lú ohùn tó mú gíláàsì fèrèsé gbọ̀n, ìyá rẹ̀ sì wo ọ̀tún wo òsì kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé òun ló bí i. Ítálì ò mọ ẹ̀yìn ẹni tó yẹ kóun tò sí, ló bá ń sáré lọ sáré bọ̀. Faransé wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣe àdéhùn. Mo dúró sẹ́yìn aṣọ, mò ń rán wọn létí ọ̀rọ̀ wọn, mo sì ti ń rí ara mi tí ọ̀gá àgbà ń bọ̀ lọ́wọ́.

Ìparí ló pa mí. Nínú ìwé tí mo kọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kígbe lẹ́ẹ̀kan pé "A ṣẹ́gun," kí gbogbo wọn wá kọ orin àlàáfíà. Jámánì kígbe tirẹ̀. Japan kígbe tirẹ̀, ó sì ju ti Jámánì lọ. Jámánì ò lè gbà, ó tún un kígbe. Amẹ́ríkà gun orí àga kí wọ́n lè rí i pé òun lòun ṣẹ́gun jù. Rọ́ṣíà fẹ́ gun àga yẹn náà. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, oníkálukú ń sọ fún tirẹ̀ pé, "Sọ ọ́ sókè." Mo ti kọ́ àwọn ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ogun, àmọ́ mo ti yọ ohun kan ṣoṣo tó ń parí rẹ̀ kúrò. Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó ṣubú, kò sẹ́ni tó ráyè dúró.

Ẹ rántí pé ọ̀rẹ́ ni Jámánì àti Japan nínú ogun tòótọ́. Lórí pèpéle tèmi, wọ́n di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú. Abọ́ ń ṣubú, ó ń ró gbàǹgbàǹgbàǹ. Mò ń pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Àlàáfíà, ẹ sọ ti àlàáfíà," ni okùn bá já, tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì wó bò mí lórí. Nígbà tí mo máa fi yọ orí síta, mẹkáníìkì ti ń bi ìyá oníbúrẹ́dì pé ta ló ti ọmọ òun, ìyẹn náà ń dá a lóhùn pé gbogbo ojú ló rí i pé ọmọ tòun ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun.

Ìyá mi bá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. Ó tún lù ú.

"Tíṣà," ó pè mí.

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Àbígbẹ̀yìn ni orúkọ tí mò ń jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́, torí àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀.

"Mo ní ìbéèrè. Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo yín lẹ ṣẹ́gun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Jámánì dáhùn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn Japan.

"Ẹ kú iṣẹ́. Bí gbogbo yín bá ṣẹ́gun, ta ló wá pa bàbá mi?"

Ìyá mi ò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà.

"Mo kéré nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n kó wa lọ sí pápá, wọ́n fún wa ní súìtì àti àsíá kékeré, wọ́n ní ogun ti parí, a ti ṣẹ́gun. Mo jó. Mo jó títí bàtà mi fi já, torí mo rò pé ẹni tó bá ṣẹ́gun, ilé ló ń bọ̀. Ìyá mi ò jó. Mo bínú sí i pé kò jó." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. "Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé a ṣẹ́gun. Apá kejì ni mo wá gbọ́ lónìí. Mo ní bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ mi tó ń kọ́ ọ á mọ̀ ọ́n."

Ìtìjú kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ mi, ẹ ti rí i bẹ́ẹ̀. Mo mọ èyí tí mo lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Èyí kọjá ẹ̀fẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ogun ni bàbá ìyá mi kú sí, bí èèyàn ṣe mọ̀ pé ògiri ilé òun funfun. Mi ò bèèrè rí. Mo lè dúró kí n ka orúkọ àwọn odò tí àwọn ọmọ ogun là kọjá. Ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá ìyá mi sí, mi ò mọ̀ ọ́n, bóyá wọ́n tiẹ̀ sin ín.

Mo rìn bọ́ síwájú pẹ̀lú aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́rùn. "Màámi, ẹ má bínú," mo wí. "Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò. Wọ́n kú, wọ́n pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Àwọn tó borí kú, àwọn tí wọ́n borí kú, àwọn tí ò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí náà kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yọ gbogbo wọn torí mò ń bẹ̀rù kọ́bọ́ọ̀dù."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Jámánì ló gbà mí sílẹ̀. Ó fi ọrùn Japan sílẹ̀, ó tún abọ́ orí rẹ̀ dé, ó wo ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ṣé kí n sọ ọ́? Mo ṣì mọ̀ ọ́n sórí."

Ìyá oníbúrẹ́dì wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyá mi, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára ìyá mi.

"Sọ ọ́," ó wí. "Kì í ṣe tìẹ. Bá wọn sọ ọ́ ni."

Ohùn tó ń mi gíláàsì fèrèsé wálẹ̀ débi pé a ní láti na ọrùn ká tó gbọ́ ọ. "Èmi ni Jámánì. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti ṣubú. Wọ́n ti gé mi sí méjì, ìlú mi ti di eérú. Àwọn tí mo pa kò níye. Àwọn ọmọ tèmi tí mo rán lọ, tí wọn ò padà wá, kò níye." Ó wo ìyá mi. "Bóyá èmi ni mo pa bàbá yín, mà. Mi ò mọ̀. Wọ́n pọ̀."

Ìyá mi mi orí sí i. "O ṣé," ó wí.

Ọmọ mẹkáníìkì ò bèèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó kàn dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ju bọ́ǹbù bébà lù ú. Rọ́ṣíà sọ̀kalẹ̀ lórí àga, òun náà jókòó tì í. Àwọn tó kù ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn gan-an ni Faransé, tí gbogbo wa ti gbàgbé sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn wọlé, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè pé, "Mo ti dìde." Ó bá gbogbo ayé nílẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra bá wọn jókòó.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà ní kí àwọn òbí sọ èrò wọn, bàtà mi ni mò ń wò. Ìyá oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹ̀kọ́ ìtàn dúró, ṣùgbọ́n kí Tíṣà jọ̀ọ́ má kọ eré mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ sí apá kejì yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá àgbà fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ parí ẹjọ́: kọ̀ǹpútà á gba kíláàsì mi àti ìdajì àkókò mi, èmi á kó lọ sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín èmi náà sí méjì nìyẹn. Inú mi dùn, mi ò purọ́.

Nígbà tí a délé, oòrùn ṣì wà. Ìyá mi jókòó sí ilé ìdáná, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sì bèèrè ohun tí ọmọ tí kò kàwé rárá ì bá ti bèèrè tipẹ́.

"Màámi, iṣẹ́ wo ni bàbá yín ń ṣe kó tó lọ?"

"O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Kàfíńtà ni. Òun ló ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́ tí wọ́n fi wá mú un. Ó ti parí òkè. Ó ní bí òun bá dé, òun á ṣe ìsàlẹ̀. Ìyá mi gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ń pa wá, ó wá páànù, ó kàn án mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò ní pe kàfíńtà mìíràn, kó má di pé bàbá mi dé, kó bá iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lára ilẹ̀kùn òun."

Mo wo ilẹ̀kùn náà. Mo wo ojúgun mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí ogun náà fi sílẹ̀ fún ayé, òun ló ń gé mi lẹ́sẹ̀ láràárọ̀, tí mò ń bú u.

Mo lọ mú òòlù wá. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí, ojú rẹ̀ yí padà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mi ò yọ nǹkan kan, etí páànù yẹn ni mo fẹ́ tẹ̀ wọlé kó má máa géèyàn mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo lu àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, nígbà tó sì yá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ṣì ń rín.

"Àbígbẹ̀yìn, gbé e sílẹ̀," ó wí. "Bàbá mi ì bá ti gba òòlù yẹn lọ́wọ́ ẹ."

Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ṣì wà.